Inú tó ń ta yín yẹn, ẹ yẹ̀ ẹ́ wò kẹ́ẹ tó gbé oògùn mì: ọ̀rọ̀ H. pylori látorí tẹ́ẹ̀sì dórí ìwòsàn

Ọdún 6 gbáko ni màmá mi fi mu oògùn funfun inú ìgò yẹn, èyí tí wọ́n máa ń ní kéèyàn mì dáadáa kó tó mu ún. Àárọ̀ àtalẹ́, ìgò ò kúrò nínú báàgì màmá. Tó bá ti di aago 2 òru báyìí, inú á bẹ̀rẹ̀ sí í ta wọ́n lábẹ́ igbá àyà, wọ́n á dìde jókòó sétí bẹ́ẹ̀dì, ó dìgbà tí wọ́n bá jẹ búrẹ́dì díẹ̀ kára tó tù wọ́n, tó bá tún di òru ọjọ́ kejì á tún bẹ̀rẹ̀. Gbogbo ilé ló mọ̀ pé màmá ní ọ́lsà. Kò sẹ́ni tó bèèrè pé kí ló fa ọ́lsà ọ̀hún, èmi náà ò bèèrè, ẹni tó bá wá kí wọn á ní ebi ni, pé màmá kì í jẹun lásìkò ní ṣọ́ọ̀bù, á ní kí wọ́n dín ata kù, á sì máa lọ ilé ẹ̀.

Ohun tí mo wá mọ̀ lẹ́yìn náà ni mo fẹ́ẹ́ kọ síbí, torí ó dá mi lójú pé ọ̀pọ̀ ìyá, ọ̀pọ̀ bàbá, ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ ló wà nílé báyìí tó ń ṣe bíi ti màmá mi. Mi ò kì í ṣe dókítà o, dókítà ló máa wo ara yín, òun náà ló máa kọ oògùn. Ṣùgbọ́n tẹ́ẹ bá mọ ohun tó yẹ kẹ́ẹ bi dókítà àti èyí tó yẹ kẹ́ẹ bi àwọn ará láàbù, owó yín ò ní wọgbó, ọdún yín náà ò ní wọgbó.

Nǹkan 2 ló wà nídìí èyí tó pọ̀ jù nínú ọ́lsà. Ọ̀kan ni oògùn ara ríro, ibuprofen, diclofenac, piroxicam, aspirin, gbogbo àwọn táa máa ń rà bí ẹni ra gúgúrú. Èkejì ni kòkòrò kan tójú lásán ò lè rí, Helicobacter pylori lorúkọ ẹ̀, H. pylori làwọn dókítà máa ń gé e sí. Ebi lè jẹ́ kí inú máa ta yín lóòótọ́, ata náà lè jẹ́ kó ta sí i, àmọ́ àwọn kọ́ ló dá egbò síbẹ̀.

Àwọn dókítà gan-an ò tètè mọ èyí. Ìrònú àti ásíìdì àpọ̀jù ni wọ́n ń dá lẹ́bi tẹ́lẹ̀, wọ́n á ní kéèyàn lọ sinmi, kó máa mu mílíìkì. Ìlú Perth lórílẹ̀-èdè Ọsirélíà ni ọ̀rọ̀ ti yí padà, dókítà 2, Robin Warren àti Barry Marshall, ń rí kòkòrò kan tó lọ́ bíi sípíríǹgì nínú ẹran ara tí wọ́n bá gé níbi ògiri inú aláìsàn. Wọ́n gbìyànjú títí láti gbìn ín ní láàbù, kò hù. Àfi lásìkò Àjíǹde ọdún 1982 tí ọlidé jẹ́ kí àwo tí wọ́n fi gbìn ín pẹ́ ju bó ṣe yẹ lọ, ìgbà tí wọ́n máa padà dé, kòkòrò ti hù. Àwọn èèyàn ò gbà wọ́n gbọ́ síbẹ̀síbẹ̀, ni Marshall bá gbé omi tí kòkòrò wà nínú ẹ̀ mu fúnra ẹ̀ ní 1984. Láàárín ọjọ́ mélòó kan ó ti ń bì, wọ́n ki kámẹ́rà bọ ọ̀nà ọ̀fun ẹ̀, wọ́n rí i pé inú ẹ̀ ti wú pọ́n. Ní 2005 wọ́n fún àwọn méjèèjì ní ẹ̀bùn Nobel. Ìdí tí mo fi sọ ìtàn yìí ni pé tó bá jẹ́ kòkòrò ló fa egbò, oògùn tó ń pa kòkòrò ló máa wò ó, oògùn funfun inú ìgò yẹn ásíìdì nìkan ló ń rọ̀ lójú, kòkòrò á wà níbi tó wà.

Ẹ lè máa wò ó pé báwo ni nǹkan ẹlẹ́mìí ṣe ń gbé nínú ásíìdì tó ń jó ẹran. Ó ní èròjà kan tí wọ́n ń pè ní urease, òun ló fi ń fọ́ yúríà tó wà nínú ara wa sí amóníà àti carbon dioxide, amóníà yẹn ló fi ń rọ ásíìdì tó yí i ká lójú, á wá fi ara lílọ́ ẹ̀ wọ inú ikun yíyọ̀ tó bo ògiri inú, á fi ibẹ̀ ṣelé. Ẹ fi urease yìí sọ́kàn, a máa padà sórí ẹ̀.

Kékeré ni èyí tó pọ̀ jù nínú wa ti kó o. Ẹnu sí ẹnu, èébì, ìgbẹ́ tó kan omi tàbí oúnjẹ, ọ̀nà tó ń gbà wọlé nìyẹn. Àkójọ ìwádìí kan tó jáde ní 2017 fojú bù ú pé nínú èèyàn 10 ní Nàìjíríà, ó lé ní 8 tó ní in. Ẹ má jẹ́ kíyẹn já yín láyà, ọ̀pọ̀ tó ní in ni kò ní ní ọ́lsà títí ayé, torí náà kì í ṣe pé kí gbogbo ìdílé tò lọ sí láàbù. Àwọn tó yẹ kó lọ ni ẹni tí inú ń ta léraléra, ẹni tó ti ní ọ́lsà rí, ẹni tí òbí tàbí àbúrò ẹ̀ ti ní kánsà inú (àjọ ìlera àgbáyé ti ka kòkòrò yìí mọ́ ohun tó ń fa kánsà láti 1994), ẹni tí dókítà fẹ́ẹ́ fi sórí aspirin fún ìgbà pípẹ́, àti ẹni tí ẹ̀jẹ̀ ẹ̀ ń dín kù tí wọn ò rí ìdí ẹ̀.

Bó ṣe máa ń ṣèèyàn rèé. Inú á máa ta lókè, lábẹ́ igbá àyà, ó lè jẹ́ tí ebi bá ń pani tàbí láàárín òru, tó bá jẹun á rọ̀, bíi ti màmá mi. Ẹlòmíì, tó bá jẹun tán gan-an ni tiẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀. Inú á máa kún bí ẹni pé ó jẹ odidi ìkòkò nígbà tó jẹ́ ṣíbí 5 ló jẹ, gùfẹ̀ á pọ̀, èébì á máa gbé e. Kò sí ọ̀kankan níbẹ̀ téèyàn lè fojú wò kó ní H. pylori nìyí, torí ásíìdì tó ń gòkè wá sí ọ̀nà ọ̀fun náà ń ṣe bẹ́ẹ̀, òkúta inú òróòro náà lè ṣe bẹ́ẹ̀. Ó sì ń dùn mí pé nílùú wa, inú bá ti ń run èèyàn, nǹkan 2 la máa ń pè é, jẹ́díjẹ́dí tàbí táífọ́ọ̀dù. Wọ́n á ṣe Widal, ìyẹn tẹ́ẹ̀sì ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n fi ń wá táífọ́ọ̀dù, wọ́n á ní táífọ́ọ̀dù wà nínú ẹ̀jẹ̀, wọ́n á gún un lábẹ́rẹ́, bẹ́ẹ̀ Widal ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ò tó fi dá ẹnikẹ́ni lẹ́jọ́ níbi tí táífọ́ọ̀dù ti wọ́pọ̀, ara ẹni tó ti ní in rí lè gbé e jáde láìjẹ́ pé ó ń ṣe é lọ́wọ́lọ́wọ́.

Ẹ jọ̀ọ́, àwọn kan wà tí kò gbọdọ̀ dúró de tẹ́ẹ̀sì kankan o. Tẹ́ẹ bá bì tí ẹ̀jẹ̀ wà níbẹ̀ tàbí tó dà bí kọfí tó ti ṣà, tí ìgbẹ́ bá dúdú bí ọ̀dà títì, tó ń lẹ̀, tó ń rùn bíburú, tí òòyì ń kọ́ yín pẹ̀lú ẹ̀, ọsibítù lẹ ń lọ lójú ẹsẹ̀, kódà tó bá jẹ́ òru. Tí inú bá ṣàdédé gún yín bí ọ̀bẹ tí ikùn sì le gbagidi, ọgbẹ́ náà lè ti lu ìfun nìyẹn, àwọn tó ń ṣe iṣẹ́ abẹ ló kàn, ẹ má mu nǹkankan. Tó bá jẹ́ àyà ló ń dùn yín tó ń ràn dé apá tàbí àgbọ̀n, tí òógùn ń bò yín, ọkàn ni kẹ́ẹ fura sí, kì í ṣe ọ́lsà. Ẹni tó ń rù láìgbààwẹ̀, ẹni tí oúnjẹ ń há lọ́nà ọ̀fun, ẹni tó ti lé ní 50 ọdún tí inú ṣẹ̀ṣẹ̀ wá ń ta, kámẹ́rà ló yẹ kí wọ́n fi wò ó, kí dókítà má kàn kọ oògùn fún un.

Ó wá kan tẹ́ẹ̀sì, ibi tí wọ́n ti ṣe màmá mi léṣe láìmọ̀.

Mo mú wọn lọ sí láàbù kan, wọ́n gba ìgbẹ́, ìwé jáde, wọ́n ní kò sí H. pylori. Inú wa dùn. Ọdún kan gbáko ló tún kọjá, ìyà ṣì ń jẹ màmá, kí dókítà mìíràn tó bi wọ́n pé ṣé wọ́n ń lo omeprazole, oògùn tó ń dín ásíìdì inú kù, nígbà tí wọ́n ṣe tẹ́ẹ̀sì yẹn. Wọ́n ní àárọ̀ ọjọ́ náà gan-an ni wọ́n lò ó kẹ́yìn. Dókítà kàn mirí. Omeprazole àti àwọn ẹgbẹ́ ẹ̀, esomeprazole, rabeprazole, pantoprazole, wọ́n máa ń jẹ́ kí kòkòrò yìí rọlẹ̀, kó kéré débi pé tẹ́ẹ̀sì ò ní rí i, kò kú, ó kàn fara pamọ́ ni. Kò sí ẹni tó sọ fún wa tẹ́lẹ̀. Torí náà, ẹ gbọ́ o: ẹ dá omeprazole àti àwọn ẹgbẹ́ ẹ̀ dúró fún ọ̀sẹ̀ 2 kẹ́ẹ tó ṣe tẹ́ẹ̀sì, tó bá sì jẹ́ pé ẹ lo áńtíbáyọ́tíìkì fún ohunkóhun, ì báà ṣe ọ̀fun dídùn, tàbí ẹ lo oògùn tó ní bismuth, ẹ jẹ́ kó pé ọ̀sẹ̀ 4. Ẹ sọ fún dókítà kẹ́ẹ tó dá a dúró, torí ẹni tí ọgbẹ́ ẹ̀ ti ṣẹ̀jẹ̀ rí tàbí tó wà lórí oògùn tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì kò gbọdọ̀ dá a dúró fúnra ẹ̀. Ọ̀sẹ̀ 2 yẹn ò rọrùn, mo wà níbẹ̀ pẹ̀lú màmá. Oògùn funfun inú ìgò tí mo ti ń bú látàárọ̀ yìí ló wúlò níbi, òun ni dókítà ní kí wọ́n fi rọ́jú títí ọjọ́ tẹ́ẹ̀sì fi ku ọ̀la. Tẹ́ẹ̀sì ẹlẹ́ẹ̀kejì yẹn ló wá rí kòkòrò.

Oríṣi tẹ́ẹ̀sì wà. Ti èémí ni wọ́n gbà pé ó dáa jù láìfi nǹkankan gún èèyàn, urease tí mo ní kẹ́ẹ fi sọ́kàn ló ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀. Ẹ ò ní jẹun fún wákàtí mélòó kan, ẹ máa fẹ́ atẹ́gùn sínú àpò, wọ́n á fún yín ní yúríà tí wọ́n ti sààmì sí kábọ́ọ̀nù inú ẹ̀, ẹ máa gbé e mì, tó bá ṣe díẹ̀ ẹ tún fẹ́ òmíràn. Tí kòkòrò bá wà níbẹ̀ á fọ́ yúríà yẹn, kábọ́ọ̀nù tí wọ́n sààmì sí á gba ẹ̀jẹ̀ wọ ẹ̀dọ̀fóró, á bá èémí jáde. Aboyún kó bèèrè oríṣi tí wọ́n ń lò kó tó ṣe é, ọ̀kan ní ìtànṣán díẹ̀ nínú, ìkejì ò ní. Wàhálà ibẹ̀ ni pé ẹ̀rọ ẹ̀ ò sí níbi tó pọ̀, ní àwọn ọsibítù ńlá ẹ lè rí i.

Ti ìgbẹ́ ló rọrùn fún ọ̀pọ̀ wa, ó sì ṣeé gbára lé. Ẹ gba ike mímọ́ lọ́wọ́ wọn, ẹ má jẹ́ kí ìtọ̀ dà sí i, ẹ má bù ú láti inú omi ṣalángá, tẹ́ẹ bá sì ti gbà á ẹ tètè gbé e lọ lọ́jọ́ náà. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni mo bẹ̀ yín pé kẹ́ẹ bi wọ́n ní láàbù: ṣé "antigen" inú ìgbẹ́ (ìyẹn ohun tó wá lára kòkòrò fúnra ẹ̀) lẹ fẹ́ẹ́ wò àbí "antibody" inú ẹ̀jẹ̀? Torí tí wọ́n bá kàn gún yín níka, tí wọ́n kán ẹ̀jẹ̀ sórí pèlébé kékeré, tí wọ́n ní ẹ ní H. pylori, àwọn ọmọ ogun tí ara yín kó jáde láti bá kòkòrò jà ni wọ́n rí yẹn, àwọn ọmọ ogun yẹn lè wà nínú ẹ̀jẹ̀ fún ọdún gbọọrọ lẹ́yìn tí kòkòrò ti kú tán. Nílùú tó jẹ́ pé èyí tó pọ̀ jù nínú wa ló ti pàdé kòkòrò yìí, kí ni tẹ́ẹ̀sì yẹn fẹ́ẹ́ sọ fún yín? Mo rí èèyàn tí wọ́n tọ́jú lẹ́ẹ̀mẹta torí pé pèlébé ẹ̀jẹ̀ yẹn ò yé sọ pé ó ṣì ní in.

Kámẹ́rà, tí wọ́n ń pè ní endoscopy, wọ́n á kì í gba ẹnu wọlé, wọ́n á rí egbò fúnra ẹ̀, wọ́n á gé ẹran kín-ín-kín sí àyẹ̀wò. Wọ́n máa ń fín oògùn sí ọ̀fun kó lè kú. Ẹ̀rù máa ń ba èèyàn ju bó ṣe ń dunni lọ.

Tí wọ́n bá rí i, ẹ má sáré lọ sí kẹ́mísì kẹ́ẹ ní kí wọ́n bá yín po oògùn ọ́lsà. Kòkòrò yìí le, oògùn kan ò lè pa á. Ọ̀nà tó wọ́pọ̀ ni omeprazole 20mg, amoxicillin 1g àti clarithromycin 500mg, gbogbo ẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́, fún ọjọ́ 14. Omeprazole yẹn, ẹ lò ó ní nǹkan bí ìṣẹ́jú 30 kẹ́ẹ tó jẹun, torí ìgbà tí inú bá ń múra àtilọ oúnjẹ ló ń mú ṣinṣin, tẹ́ẹ bá wá jẹun tán ẹ gbé àwọn 2 yòókù mì. Ẹ ka oògùn kẹ́ẹ tó kúrò ní kẹ́mísì: omeprazole 28, kápúsù amoxicillin oní 500mg 56, clarithromycin 28. Páálí alápapọ̀ kan wà tó jẹ́ ti ọjọ́ 7 péré, tó bá jẹ́ ọjọ́ 14 ni dókítà kọ, páálí 2 lẹ máa rà, ọjọ́ 7 ò tó.

Ìlànà tó ń borí báyìí, pàápàá níbi tí clarithromycin ò ti fi bẹ́ẹ̀ ran kòkòrò náà mọ́, ni ti oògùn 4: omeprazole lẹ́ẹ̀mejì, bismuth lẹ́ẹ̀mẹrin, tetracycline 500mg lẹ́ẹ̀mẹrin, metronidazole 500mg lẹ́ẹ̀mẹta tàbí ẹ̀ẹ̀mẹrin, fún ọjọ́ 14 náà. Metronidazole yẹn ni Flagyl tí gbogbo wa mọ̀. Bá a ṣe ń mu Flagyl 2 sí 3 fún gbogbo inú rírun láti kékeré, H. pylori tó wà nínú wa ti mọ̀ ọ́n lára, òun nìkan ò lè ṣe é ní nǹkankan mọ́, àfi kó wà pẹ̀lú bismuth àtàwọn yòókù kó sì pọ̀ tó. Ẹ má sì gbà kí wọ́n fi doxycycline rọ́pò tetracycline torí pé òun ló wà nílẹ̀, kì í ṣiṣẹ́ tó o.

Àwọn nǹkan tẹ́ẹ gbọ́dọ̀ sọ fún dókítà kó tó kọ ọ́: tí ara yín ò bá gba pẹnisílíìnì, amoxicillin ò sí fún yín, tí ara ò bá gba aspirin ẹ sọ ọ́ nítorí bismuth, tẹ́ẹ bá lóyún tàbí ẹ ń fọ́mọ lọ́yàn ẹ sọ ọ́, tetracycline ò sí fún aboyún, kò sí fún ọmọ kékeré tí eyín ẹ̀ ṣì ń dàgbà. Àwọn tó ń lo oògùn ọ̀rá inú ẹ̀jẹ̀ bíi simvastatin tàbí oògùn ọkàn, ẹ kó gbogbo oògùn yín sínú ọ̀rá, ẹ gbé e lọ bá a, clarithromycin kì í bá àwọn kan rẹ́.

Ọjọ́ 14 yẹn gùn. Ẹnu màmá ń korò bí ẹni lá irin, inú rú wọn lọ́jọ́ kẹrin, wọ́n ní àwọn ò ṣe mọ́. Ohun tó gbà wá ni pé dókítà ti sọ ọ́ tẹ́lẹ̀. Ẹnu kíkorò máa lọ, ìgbẹ́ rírọ̀ díẹ̀ náà máa lọ, bismuth á jẹ́ kí ìgbẹ́ àti ahọ́n dúdú, ìyẹn ò léwu, ó yàtọ̀ sí ti ọ̀dà tó ń lẹ̀ tí mo sọ lókè. Àmọ́ ìgbẹ́ gbuuru tí ò dáwọ́ dúró tàbí tí ẹ̀jẹ̀ wà níbẹ̀, ara tó ń sú, ojú tàbí ètè tó ń wú, ẹ pe dókítà kíá. Kò sí bíà, kò sí ògógóró tẹ́ẹ bá ń lo metronidazole, àgbo tí wọ́n fi ọtí rẹ náà ọtí ni. Mílíìkì àti oògùn ẹ̀jẹ̀ tó ní áyọ́ọ̀nù, ẹ jẹ́ kí wákàtí 2 wà láàárín wọn àti tetracycline. Ìwé kékeré kan la lẹ̀ mọ́ ara fíríìjì, màmá á fi bírò sààmì sí gbogbo èyí tí wọ́n bá ti lò, kò sí ọ̀kan tí wọ́n fò títí ọjọ́ 14 fi pé.

Lẹ́yìn ìyẹn, ibi táwọn èèyàn ti ń ṣubú rèé: ara ti yá, inú ò ta mọ́, wọn ò padà lọ ṣe tẹ́ẹ̀sì. Kòkòrò lè kù díẹ̀ kára yá fún oṣù 3, kó tún wá bẹ̀rẹ̀. Ẹ jẹ́ kó pé ọ̀sẹ̀ 4 ó kéré tán lẹ́yìn tí áńtíbáyọ́tíìkì tán, kó sì pé ọ̀sẹ̀ 2 tẹ́ẹ ti lo omeprazole kẹ́yìn, kẹ́ẹ wá ṣe ti ìgbẹ́ tàbí ti èémí. Ti ẹ̀jẹ̀ kọ́ o.

Tó bá ṣì wà níbẹ̀, ẹ má padà sórí oògùn àkọ́kọ́, pàápàá clarithromycin, torí èyí tó kù yẹn ni èyí tí oògùn ọ̀hún ò ràn. Dókítà á pààrọ̀ ẹ̀. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń sọ fún èèyàn pé kẹ́ẹ má ju páálí oògùn nù, ẹ kó o pa mọ́, òun ni dókítà kejì máa kọ́kọ́ bèèrè.

Àwọn tó wà nílé pẹ̀lú yín, ẹni tí inú ń ta nínú wọn nìkan ni kẹ́ẹ mú lọ. Ẹ fọ ọwọ́ lẹ́yìn ìgbẹ́, ẹ se omi tí kò bá dá yín lójú, kí àgbà má sì jẹ oúnjẹ lẹ́nu kó tó fi sẹ́nu ọmọ mọ́, mo mọ̀ pé ìfẹ́ la fi ń ṣe é.

Tẹ́ẹ̀sì tí màmá ṣe lẹ́yìn ìwòsàn jáde, kòkòrò ti lọ. Gbogbo ìwé tẹ́ẹ̀sì ṣì wà nínú dúrọ́ọ̀ wọn. Orúnkún ṣì máa ń ro wọ́n lásìkò òjò, paracetamol ni wọ́n ń lò sí i, wọ́n ti kó diclofenac tó kù nílé fún mi.